Rísífà AV

Rísífà AV jẹ́ ẹ̀rọ tí a fi ń darí ohùn àti àwòrán nínú ilé, kí ènìyàn lè wo sinimá ní yàrá rẹ̀ pẹ̀lú ohùn tí ó yí i ká. Ó ń gba àmì láti inú ẹ̀rọ tí ń lo dísìkì, kọ̀ǹpútà tàbí ẹ̀rọ géèmù. Ó ń tú ohùn tí a dì sínú àmì náà, bíi Dolby Digital tàbí DTS. Ó sì ń fún ohùn náà ní agbára kí ó tó rán an sí àwọn sípíkà. Àwòrán ń gba inú rẹ̀ kọjá lọ sí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán nípasẹ̀ wáyà HDMI. Ètò tí a ń pè ní 5.1 ní sípíkà márùn-ún àti ọ̀kan fún ohùn béèsì.

Àwọn ilé-iṣẹ́

Torakusu Yamaha ni ó dá Yamaha sílẹ̀ ní ọdún 1887 ní orílẹ̀-èdè Japan, dùùrù sì ni ó kọ́kọ́ ń ṣe. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ náà gbé ẹ̀rọ DSP-1 jáde, èyí tí ń ṣe àfarawé bí ohùn ṣe ń dún nínú gbọ̀ngán ńlá. Denon bẹ̀rẹ̀ ní Japan ní 1910, nígbà tí Saul Marantz dá Marantz sílẹ̀ ní New York. Àwọn méjèèjì parapọ̀ ní 2002 lábẹ́ D&M Holdings; ìdí nìyí tí rísífà wọn fi jọra ní ọ̀pọ̀ ọ̀nà. Onkyo bẹ̀rẹ̀ ní 1946 ní ìlú Osaka.

Wíwọn yàrá

Ọ̀pọ̀ rísífà máa ń ní gbohùngbohùn kékeré tí a ń gbé sí ibi ìjókòó. Ẹ̀rọ náà yóò dún sípíkà kọ̀ọ̀kan, yóò sì fi èyí mọ bí ó ṣe jìnnà tó àti bí ó ṣe yẹ kí ohùn rẹ̀ le tó. Yamaha ń pe ètò yìí ní YPAO, Pioneer ń pè é ní MCACC, Onkyo sì ń pè é ní AccuEQ. Denon àti Marantz ń lo Audyssey.

Ìfiwéra agbára

Iye wáàtì tí a kọ sára páálí nìkan kò tó láti fi rísífà ilé-iṣẹ́ kan wé ti òmíràn, nítorí pé ó dúró lórí ọ̀nà tí wọ́n gbà wọ̀n ọ́n. Iye tí a wọ̀n pẹ̀lú ìkànnì méjì tí ń ṣiṣẹ́ papọ̀, láti 20 Hz dé 20,000 Hz, máa ń kéré sí èyí tí a wọ̀n pẹ̀lú ìkànnì kan ṣoṣo ní 1,000 Hz. Nítorí náà, rísífà tí a kọ 150 wáàtì sí lára lè má lágbára ju èyí tí a kọ 100 sí. Àjọ FTC ní Amẹ́ríkà ṣe òfin ní 1974 lórí bí a ṣe gbọ́dọ̀ polongo agbára ampilifáyà. Bákan náà, bí wáàtì bá di ìlọ́po méjì, dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 3 péré ni ó ń fi kún ohùn.

Iná mànàmáná

Iná ilé ní Japan jẹ́ fóltì 100, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, ti Nàìjíríà sì jẹ́ 230. Rísífà tí a ṣe fún fóltì 120 nìkan yóò jóná bí a bá kì í bọ iná Nàìjíríà láìlo transfọ́mà. Iye fóltì tí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ń lò wà lára ẹ̀yìn rẹ̀.