Ègúnjẹ àti Owó Ọkọ̀ ní Costain

Ègúnjẹ ni àwọn ará Èkó ń pe owó tí ẹni tó wà nípò bá fi ọgbọ́n tàbí ipá gbà lórí iṣẹ́ ẹlòmíràn. Oríta Costain, tó gba orúkọ lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, mọ owó yìí dáadáa, nítorí pé ọ̀nà Àpápá, Ìjọra, Orílé àti Sùúrùlérè pàdé níbẹ̀, dáńfó kì í sì í wọ́n.

Níbẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ agbèrò ni kó máa pe èrò sínú ọkọ̀, kí awakọ̀ fún un ní owó díẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n dá NURTW, ẹgbẹ́ àwọn awakọ̀, sílẹ̀ ní 1978, owó tíkẹ́ẹ̀tì tí agbèrò ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ gbilẹ̀ ní gáréèjì, igbe “Owó dà?” sì di ohun tí gbogbo kọ́ńdọ́ mọ̀. Ní 2022, ìjọba Èkó gbé owó kan ṣoṣo, ₦800 lójúmọ́, kalẹ̀ láti fi rọ́pò ọ̀pọ̀ owó kéékèèké.

Awakọ̀ a kọ́kọ́ yọ owó ẹni tó ni ọkọ̀, owó epo àti ti agbèrò. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni òun àti kọ́ńdọ́ máa ń pín. Èrò ọkọ̀ ló ń ru gbogbo ẹrù yìí, nítorí orí owó ọkọ̀ ni wọ́n ń dì í lé.