Ilé òkúta nígbèríko gúúsù Faransé: ohun tó wà lẹ́yìn owó pọ́ọ́kú

Owó tí kò lè ra ilé oníyàrá méjì nílùú Paris lè ra odidi ilé òkúta, abà àti ọgbà eléso ní ẹkùn Gers, Lot, Aveyron tàbí Ariège. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ọ̀dọ́ ìgbèríko gúúsù Faransé ti ń ṣí lọ sí ìlú ńlá, Ogun Àgbáyé Kìíní sì pa ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kù. Ilé bàbá wọn ṣófo, alángbá sì gbà á. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ni àwọn ará Paris, àwọn Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ará Holland àti Bẹ́ljíọ̀mù bẹ̀rẹ̀ sí wá ra irú ilé bẹ́ẹ̀ tún ṣe. Nígbà tí Peter Mayle, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé rẹ̀, A Year in Provence, jáde lọ́dún 1989 nípa ìgbé ayé rẹ̀ ní Ménerbes, lágbègbè Luberon, èrò rọ́ lọ síbẹ̀, owó ilé sì gun òkè. Ìdí nìyí tí ẹni tí àpò rẹ̀ kò wú fi máa ń kọjú sí ìhà ìwọ̀-oòrùn lónìí, tí ó ń fi Luberon sílẹ̀ fún àwọn olówó.

Kò sí òfin tó ka ríra ilé ní Faransé léèwọ̀ fún àjèjì. Ohun tó yẹ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ ni pé ọ̀nà tí ilé ń gbà kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn gùn níbẹ̀, ìjọba sì wà láàárín rẹ̀. Ẹni tó ń ṣojú ìjọba ni wọ́n ń pè ní notaire. Kì í ṣe agbẹjọ́rò olùtà, kì í sì í ṣe ti olùrà. Òṣìṣẹ́ òfin tí ìjọba yàn ni. Òun ló ń wádìí ẹni tó ni ilé, gbèsè tó wà lórí rẹ̀, àti bóyá aládùúgbò ní ẹ̀tọ́ láti gba àárín ọgbà kọjá. Òun náà ló ń gba owó orí fún ìjọba, tó sì ń fi ojúlówó ìwé títà pamọ́ fún ọdún 75. Àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ mọ notaire dáadáa, nítorí ọ̀dọ̀ Faransé ni orílẹ̀-èdè wọn ti jogún ètò òfin rẹ̀. Ẹni tí ọmọ onílẹ̀ bá sì ti ta ilẹ̀ tí wọ́n ti tà fún ẹlòmíràn fún rí yóò mọ iyì irú ètò bẹ́ẹ̀.

Owó rẹ̀ kò kéré ṣá. Lórí ilé àtijọ́, ohun tí olùrà ń san lé owó ilé tó ìdá 7 sí 8 nínú 100, ìjọba ló sì ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ilé 150,000 Yúrò yóò fa ohun tó lé ní 10,000 Yúrò mìíràn lẹ́sẹ̀.

Ìwé àkọ́kọ́ tí tọ̀túntòsì ń fọwọ́ sí ni compromis de vente. Ọ̀pọ̀ àjèjì ń fojú ìwé lásán wò ó, nítorí pé ìwé ìkẹyìn ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Àṣìṣe ńlá ni. Láti ìgbà tí ìwé náà bá ti tẹ olùrà lọ́wọ́, ọjọ́ 10 péré ni òfin fún un láti yí ọkàn padà láìsan kọ́bọ̀. Ọjọ́ 7 ni tẹ́lẹ̀, kí òfin ọdún 2015 tó fi kún un. Olùtà kò ní irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ rárá. Bí ọjọ́ náà bá kọjá, tí olùrà sì kọ̀ láìnídìí, owó àsansílẹ̀ tó wà lọ́wọ́ notaire, tó máa ń jẹ́ ìdá 5 sí 10 nínú 100, lè ṣègbé. Ohun tó lè gbà á ni àwọn ọ̀rọ̀ tó bá fi sínú ìwé kó tó fọwọ́ sí i: pé bí báńkì kò bá yá òun lówó, àdéhùn tú, pé bí ìjọba ìbílẹ̀ kò bá gbà kí òun sọ abà di yàrá, àdéhùn tú. Ìlérí tí wọ́n fi ẹnu ṣe nídìí ife wáìnì kò sí lákọsílẹ̀.

Ní ọ̀pọ̀ abúlé, ilé tó dára ń wó lójú gbogbo ayé láìsí ẹni tó lè tà á. Ogún ló fà á. Lábẹ́ òfin Faransé, òbí kò lè fi gbogbo dúkìá rẹ̀ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ kó sì fi ọmọ sílẹ̀ lọ́wọ́ òfo. Ìdajì jẹ́ ti ọmọ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì, ìdá méjì nínú mẹ́ta ni tiwọn. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Láti ìgbà òfin ọdún 2001, ọmọ tí ọkọ bí sóde ní ẹ̀tọ́ kan náà pẹ̀lú ọmọ inú ilé. Bí ìran méjì bá ti kọjá láìpín ogún náà, ilé kan á ti di ti ènìyàn mẹ́wàá, ọ̀kan ní Toulouse, ọ̀kan ní Kánádà, ọ̀kan tí kì í bá àwọn yòókù sọ̀rọ̀ mọ́. Ẹni tó bá mọ wàhálà ilé ẹbí kò ní bi ìdí. Lọ́dún 2009 ni òfin ṣẹ̀ṣẹ̀ fàyè gba àwọn tó bá ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ilé láti lọ tọrọ àṣẹ títà nílé ẹjọ́, ìyẹn náà kì í sì í yá. Kí olùrà béèrè lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ènìyàn mélòó ni yóò fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀nà àtijọ́ kan tún wà tí wọ́n ń pè ní viager. Àgbàlagbà yóò ta ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò máa gbé inú rẹ̀, olùrà yóò sì máa san owó fún un lóṣooṣù títí tí yóò fi kú. Bó bá tètè kú, olùrà jèrè. Gbogbo Faransé ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílùú Arles. Lọ́dún 1965, notaire kan tó ń jẹ́ André-François Raffray, ẹni ọdún 47, bá Jeanne Calment, ìyá ẹni 90 ọdún, ṣe irú àdéhùn yìí lórí ilé rẹ̀, ó ń san 2,500 fráǹkì lóṣooṣù. Raffray kú lọ́dún 1995. Ìyá ṣì wà láyé. Opó Raffray ló ń bá sísan owó náà lọ títí Jeanne Calment fi kú lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, lẹ́ni ọdún 122. Owó tí ìdílé náà san ju ìlọ́po méjì iye ilé lọ, bẹ́ẹ̀ ẹni tó wọ àdéhùn yìí jẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ gan-an jẹ́ láti mọ àdéhùn.

Bí ilẹ̀ oko bá bá ilé lọ, àjọ SAFER, tí òfin ọdún 1960 dá sílẹ̀ láti dáàbò bo ilẹ̀ àgbẹ̀, ní oṣù méjì láti sọ bóyá òun fẹ́ gba ilẹ̀ náà ṣáájú olùrà. Olùtà sì gbọ́dọ̀ kó ìdìpọ̀ ìwé àyẹ̀wò sílẹ̀: ọ̀dà olójé fún ilé tí wọ́n kọ́ ṣáájú ọdún 1949, asbestos fún èyí tó ṣáájú ọdún 1997, ikán níbi tó bá pọ̀ sí, iná mànàmáná, àti bí ilé ṣe ń jẹ iná tó, tí wọ́n ń fi lẹ́tà A dé G wọ̀n. Ilé òkúta àtijọ́ tí wọn kò tún ṣe sábà máa ń bọ́ sí F tàbí G. Ẹni tó ní in lọ́kàn láti fi ilé náà gba ayálégbé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní ọdún 2025, kò sí ẹni tó lè gba ayálégbé tuntun sílé G láti fi ṣe ibùgbé, yóò sì kan F lọ́dún 2028. Ìwé tí àwọn olùrà kì í fẹ́ kà ni ti kòtò ìgbọ̀nsẹ̀. Bí kòtò náà kò bá bá òfin mu, ọdún kan péré ni olùrà ní láti ṣe òmíràn, ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yúrò ló sì ń ná ni.

Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ náà ní tirẹ̀. Amọ̀ inú ilẹ̀ Gers máa ń súnkì nígbà ọ̀dá, á wú nígbà òjò, ògiri á sì sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1992, odò Ouvèze kún ya wọ Vaison-la-Romaine, ó sì pa ohun tó lé ní 30 ènìyàn. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, iná tó bẹ̀rẹ̀ ní Ribaute, lágbègbè Corbières, gba nǹkan bí 16,000 hẹ́kítà ilẹ̀ kọjá, ó jó ilé, ó sì pa obìnrin kan. Ní ẹkùn tí iná ti ń jà, ẹni tí ilé rẹ̀ bá sún mọ́ igbó gbọ́dọ̀ ro igbó yí ilé ká dé 50 mítà, kódà bí igbó náà bá wà lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ilé kì í ṣe físà. Láti ọdún 2021, lẹ́yìn tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti kúrò nínú àjọ ìṣọ̀kan ilẹ̀ Yúróòpù, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí kò ní físà kò lè lò ju 90 ọjọ́ lọ nínú 180, ìbáà ní ilé níbẹ̀. Àwọn aṣòfin Faransé kan gbìyànjú láti yọ àwọn onílé wọ̀nyí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ tó ń ṣọ́ ìwé òfin orílẹ̀-èdè náà wọ́gi lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2024. Ọmọ Yorùbá tó ń lo ìwé ìrìnnà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lábẹ́ òfin yìí. Ẹni tó ń lo ti Nàìjíríà nílò físà kó tó lọ rárá. Físà onígbà pípẹ́ tí àwọn tó ti fẹ̀yìn tì sábà máa ń gbà ń béèrè ẹ̀rí owó tó ń wọlé, adójútòfò ìlera, àti ìlérí pé ẹni náà kò ní ṣiṣẹ́.

Ìgbé ayé ibẹ̀ dùn fún ẹni tó bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, tí ó ní mọ́tò, tí ó sì gbọ́ Faransé díẹ̀. Ọjọ́ ọjà kan lọ́sẹ̀ ni gbogbo abúlé ń pàdé. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ń tì fún wákàtí méjì lọ́sàn-án, máyọ̀ abúlé sì mọ ẹni tó gé igi láìgbàṣẹ. Àmọ́ inú oṣù Keje ni ọ̀pọ̀ ń wá wo ilé, nígbà tí òdòdó lafẹ́ńdà yọ, tí oòrùn sì mú. Nínú oṣù Kejì, ògiri òkúta tutù bí yìnyín, atẹ́gùn tí wọ́n ń pè ní mistral ń fẹ́ láti àríwá gba àfonífojì odò Rhône débi pé àwọn ará àtijọ́ kì í sábà fi fèrèsé sí ẹ̀gbẹ́ àríwá ilé oko Provence. Oníṣègùn tó ti darúgbó fẹ̀yìn tì, ẹlòmíràn kò sì tíì rọ́pò rẹ̀, nítorí náà, kí olùrà tó bá ti lé ní 60 ọdún fi mọ́tò wọn ọ̀nà láti ẹnu ọ̀nà ilé náà dé ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ọn jù, kí ó sì wọ̀n ọ́n lálẹ́.