Ẹni Tó Pa Ejò, Ẹ Fún Un Lẹ́tọ̀ọ́ Rẹ̀

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, "Bí ọkùnrin rí ejò, bí obìnrin pa á, kí ejò ṣá ti kú." Ọ̀rọ̀ ewu ni òwe yìí dá lé. Nígbà tí ejò bá wọlé, kò sí àyè à ń bèèrè ẹni tó yẹ kó mú igi. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ obìnrin ni igi wà, kó là á mọ́lẹ̀, kí ọkàn ará ilé balẹ̀. Ohun tí àwọn àgbà ń fi í kọ́ wa ni pé iṣẹ́ ni ká wò, ká má wo bóyá akọ ló ṣe é tàbí abo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń pa òwe náà nígbà tí àwọn èèyàn bá ń du ògo iṣẹ́ tó jẹ́ ti gbogbo wọn.

Ṣùgbọ́n ibi ikú ejò ni òwe náà dúró sí. Kò sọ ohun tó tọ́ sí ẹni tó pa á. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ eré ìdárayá ti há sí lóde òní: a ti gbà kí obìnrin pa ejò, a kò tíì gbà kó gba ẹ̀tọ́ rẹ̀.

Kò sẹ́ni tó lè sọ pé àwọn obìnrin kò tíì pa ejò. Ní oṣù Ẹrẹ́nà 2024, Noélie Yarigo ti Benin wa sá eré mítà 800 ní Glasgow, nínú ìdíje àgbáyé tí wọ́n ń ṣe nínú gbọ̀ngàn, ó sì ṣe ipò kẹta. Kò tíì sí ọmọ Benin kankan, ọkùnrin tàbí obìnrin, tó gba àmì ẹ̀yẹ nínú ìdíje eré sísá àgbáyé ṣáájú rẹ̀. Ní Nàìjíríà tó múlé gbè wá, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù obìnrin, àwọn Super Falcons, gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà fún ìgbà kẹwàá ní Rabat ní ọjọ́ 26 oṣù Agẹmọ 2025. Morocco ti fi góòlù méjì sí òdo ṣáájú wọn kí wọ́n tó yí i padà sí mẹ́ta sí méjì. Rasheedat Ajibade, ọmọ Mushin, ni balógun wọn, òun náà ni wọ́n sì yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù nínú ìdíje náà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni àwọn ọkùnrin Nàìjíríà ti gba ti wọn: 1980, 1994 àti 2013.

Ẹ jẹ́ ká wá wo èrè. Mílíọ̀nù kan dọ́là ni ẹ̀bùn àwọn obìnrin tó borí ní Rabat. Mílíọ̀nù méje dọ́là ni ti àwọn ọkùnrin Côte d'Ivoire tó borí ní oṣù Èrèlé 2024. Àwọn kan á ní owó tẹlifíṣọ̀n àti ti onígbọ̀wọ́ kò pọ̀ nínú bọ́ọ̀lù obìnrin. Bóyá ìyẹn lè ṣàlàyé ìdí tí ẹ̀bùn fi kéré, kò lè ṣàlàyé ìdí tí a kì í fi í san èyí tí a ti ṣèlérí. Ní 2004, lẹ́yìn tí àwọn Falcons gba ife ní South Africa, wọ́n kọ̀ láti kúrò ní òtẹ́ẹ̀lì nítorí àjẹmọ́nú wọn. Ní oṣù Ọ̀pẹ 2016, lẹ́yìn tí wọ́n borí Cameroon ní Yaoundé, wọ́n di ife náà mú, wọ́n sì wọ́de lọ sí ilé aṣòfin ní Abuja. Ní 2019, ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n tún jókòó sí òtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ń bèèrè gbèsè àtijọ́. Òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji.

Lẹ́yìn ti Rabat, Ààrẹ Tinubu kéde ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún dọ́là àti ilé fún agbábọ́ọ̀lù kọ̀ọ̀kan. Ó dára, ó yẹ wọ́n. Síbẹ̀, ọrẹ kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹni tó ń ta ọrẹ ló mọ ìgbà tí yóò ta á. Ẹ̀tọ́ ní ọjọ́ tirẹ̀. Àdéhùn àgbáyé ti 1979 lórí ẹ̀tọ́ obìnrin sọ pé kí obìnrin kópa nínú eré ìdárayá lọ́gbọọgba pẹ̀lú ọkùnrin. Benin fòǹtẹ̀ lù ú ní 1992, òfin ìpìlẹ̀ wa ti 1990 náà sì fi takọtabo sí ipò kan náà.

Ẹ̀tọ́ kan wà tó ju owó lọ: kí ara ọmọ wà láìléwu. Ní oṣù Okúdù 2021, ẹgbẹ́ Human Rights Watch tú àṣírí bí wọ́n ṣe ń fi ipá bá àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá basketball ní Mali lò. Bó bá jẹ́ pé ẹni tó ń yan agbábọ́ọ̀lù ni ẹ̀rù rẹ̀ ń ba ọmọ, kò lè rọrùn fún ọmọ náà láti fẹjọ́ sùn. Ní Benin, òfin tó jáde ní ọjọ́ 20 oṣù Ọ̀pẹ 2021 ti gbé ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n bá ṣẹ ènìyàn nítorí pé ó jẹ́ obìnrin lọ síwájú ilé ẹjọ́ àkànṣe tí wọ́n ń pè ní CRIET. Òfin náà le. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò mọ ẹni tí yóò sọ fún kò lè jàǹfààní rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Massè àti gbogbo oko Adja-Ouèrè níbí ní Benin. Lábúlé wa, bí ilé ẹ̀kọ́ bá ti jáde, ọmọkùnrin á gba orí pápá lọ. Ọmọbìnrin á pọn omi, á dáná, á sì kiri gàrí ìyá rẹ̀. Kò sẹ́ni tó ṣòfin pé kó má gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ilé ló ti gba àkókò rẹ̀ tán. Nígbà mìíràn, òbí gan-an ló ń dí ọmọ lọ́wọ́. Asisat Oshoala, ọmọ Ìkòròdú ní Nàìjíríà tó ti gba oyè agbábọ́ọ̀lù obìnrin tó dára jù ní Áfíríkà lẹ́ẹ̀mẹ́fà, ti sọ fún àwọn oníròyìn pé àwọn òbí òun kò fẹ́ kí òun gbá bọ́ọ̀lù.

Nítorí náà, ẹ̀yin bàbá, ẹ pín omi pípọn láàrin ọmọ takọtabo. Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ CEG, ẹ ya ọjọ́ sọ́tọ̀ lórí pápá fún àwọn ọmọbìnrin, ẹ wá obìnrin tí yóò máa bá wọn rìnrìn àjò, ẹ sì dárúkọ ẹnì kan tí kì í ṣe akọ́nimọ̀ọ́gbá tí ọmọ lè fẹjọ́ sùn. Ẹ̀yin alákòóso ẹgbẹ́, ẹ kọ àjẹmọ́nú sínú ìwé kí bọ́ọ̀lù tó yí, kí iye náà jẹ́ ọ̀kan fún takọtabo níbi tí owó bá ti jẹ́ ti ìlú. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni ọmọ lè bèèrè láìbẹ̀rù. Èyí tí a bá fi sílẹ̀ fún inú rere ọ̀gá, bí ọ̀gá bá yí padà, ó tán.