kànáfùrù

Ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìrudí òdòdó igi Syzygium aromaticum, tí a ká kí ó tó tanná, tí a sì sá títí ó fi gbẹ. Ó rí bí ìṣó kékeré, òórùn rẹ̀ a sì máa ta sánsán.

Orírun: A yá a láti inú èdè Haúsá, kanumfari, èyí tí Haúsá yá láti inú qaranful ti Lárúbáwá. Erékùṣù Maluku ní Indonéṣíà ni igi náà ti ṣẹ̀ wá.

Àpẹẹrẹ: Ìyá àgbà fi kànáfùrù kan há ẹ̀gbẹ́ eyín tí ń dùn ún.

Àlàyé ìlò: Ìyá àgbà kò ṣìṣe. Eugenol ni èròjà olóòórùn tí ó pọ̀ jù nínú kànáfùrù. Ó máa ń mú kí ojú ibi tí ó kàn kú tipiri fún ìgbà díẹ̀. Àwọn oníṣègùn eyín pàápàá ń pò ó mọ́ ìyẹ̀fun zinc oxide láti fi dí ihò eyín fúngbà díẹ̀. Ó tún ń pa oríṣi kòkòrò àìfojúrí nínú àwo àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n àwo kì í ṣe ara ènìyàn, nítorí náà kí òǹkọ̀wé má ṣe sọ ọ́ di “ó ń wo àrùn”.

Ìyàtọ̀ tí ó ṣe kókó wà láàárín omi kànáfùrù àti òróró kànáfùrù. Omi ni èyí tí a rẹ tàbí tí a sè. Eugenol inú rẹ̀ kéré, nítorí kì í fi bẹ́ẹ̀ yòrò nínú omi. Òróró tí a fi ooru omi fà jáde yàtọ̀ pátápátá: nǹkan bí 70 sí 90 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ni eugenol. Àwọn ẹlòmíràn sì tún ń pe òróró ìsebẹ̀ tí wọ́n rẹ kànáfùrù sí ní orúkọ kan náà. Kọ̀ǹpútà tí ń bá wa ṣa ọ̀rọ̀ jọ kò mọ èyí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọwọ́ ni mo fi yà wọ́n. Mo dábàá ògidì òróró kànáfùrù fún èyí tí a fà jáde, nítorí ó lè bó èrìgì bí a kò bá là á, bẹ́ẹ̀ ni kò yẹ kí ọmọdé tọ́ ọ wò rárá. Ìròyìn ìṣègùn kan ní 1993 sọ nípa ọmọ ọdún méjì tí ó mu mìlílítà 5 sí 10: ó dákú, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ bàjẹ́, díẹ̀ ni ó kù kí ó kú.

Tún wo: efinrin (eugenol ni ó pọ̀ nínú irú rẹ̀ kan, thymol nínú òmíràn).