Ìgò Kan, Òjíṣẹ́ Méjì: Òpíọ́ìdì àti Hísítámíìnì Lójú Ọ̀nà Họ́mọ̀nù Hílàhílo

Kí ìjọba àpapọ̀ tó fòfin de omi ikọ́ oníkódíìn ní oṣù karùn-ún ọdún 2018, ọ̀pọ̀ ìgò rẹ̀ ló ń gbé orúkọ oògùn méjì. Ẹni tó ń tì í sápò ní Ajégúnlẹ̀ l'Ékòó, kódíìn nìkan ló ń pè é. Lábẹ́ kódíìn yẹn, ní lẹ́tà wínníwínní, chlorpheniramine tàbí promethazine sábà máa ń wà níbẹ̀: oògùn tí à ń lò fún ara yíyún àti ikun imú. Ìkejì yìí ló mú kí n gbé ìgò náà wá síbí, nítorí òjíṣẹ́ méjì tí kò gba tara wọn, òpíọ́ìdì àti hísítámíìnì, ló wà lójú ọ̀nà hílàhílo nínú ọpọlọ. Ìgò náà ń gbè sẹ́yìn ọ̀kan, ó sì ń de èkejì mọ́lẹ̀.

Ọ̀nà náà rèé. Lóru, táńkà epo kan fọn fèrè lójijì lẹ́yìn ẹni tó ń sọdá Malu Road. Àyà rẹ̀ já kí ẹsẹ̀ tó gbéra, adrenaline nìyẹn. Kọ́tísọ́ọ̀lù, họ́mọ̀nù tí mò ń sọ, kì í yára tó bẹ́ẹ̀. Hypothalamus, nísàlẹ̀ ọpọlọ, a tú CRH sílẹ̀, èyí tí Wylie Vale àti ẹgbẹ́ rẹ̀ dá mọ̀ lọ́dún 1981. CRH a jí pituitary, pituitary a da ACTH sínú ẹ̀jẹ̀, ACTH a lọ bá kókó kékeré tó jókòó lé kíndìnrín, ìyẹn a sì tú kọ́tísọ́ọ̀lù jáde. Ó máa ń tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí kọ́tísọ́ọ̀lù tó dé góńgó. Táńkà yóò ti lọ jìnnà nígbà náà, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Àpápá bá gbà fún un.

Òpíọ́ìdì, ìdílé tí kódíìn wà, ni bíréèkì. Ọpọlọ fúnra rẹ̀ ló ń sè é, gẹ́gẹ́ bí John Hughes àti Hans Kosterlitz ṣe fi hàn ní Aberdeen lọ́dún 1975. Èyí tó yà mí lẹ́nu jù ni pé ara purotéènì kan ṣoṣo, POMC, ni ara ti ń gé ACTH àti beta-endorphin, tí í ṣe òpíọ́ìdì. Ẹgbẹ́ Roger Guillemin sì fi hàn lọ́dún 1977 pé bí ìnira bá dé bá eku, àwọn méjèèjì jọ ń jáde ni. Bí a bá fún ẹni tí ara rẹ̀ dá ní naloxone, tó ń dínà òpíọ́ìdì, ACTH àti kọ́tísọ́ọ̀lù rẹ̀ á gòkè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà á. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ òpíọ́ìdì kì í kúrò lórí bíréèkì. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún eku o. Morphine ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo a máa gbé họ́mọ̀nù yìí sókè lára eku, rírẹ̀ ló sì ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ lára ènìyàn. Àwọn kan ṣì ń gbé ẹ̀wù eku wọ ènìyàn láìwọn ọ́n.

Hísítámíìnì ló ń tẹná. Ọdún 1984 ni Pertti Panula àti Takehiko Watanabe, olúkúlùkù pẹ̀lú ẹgbẹ́ tirẹ̀, fi ibi tí sẹ́ẹ̀lì tó ń sè é nínú ọpọlọ wà hàn: ẹ̀yìn hypothalamus nìkan, ṣùgbọ́n fọ́nrán wọn tàn ká gbogbo ọpọlọ. Àwọn ló ń jẹ́ kí ojú wa dá, ìdí nìyẹn tí oorun fi ń kun ẹni tó lo chlorpheniramine, tó ń dínà hísítámíìnì. Ní Copenhagen, Ulrich Knigge àti Jørgen Warberg rí i lára eku pé hísítámíìnì inú ọpọlọ ń gbé ACTH sókè nípasẹ̀ CRH àti vasopressin. Bí wọ́n bá dí olùgbà hísítámíìnì, H1 tàbí H2, ACTH eku tí wọ́n há mọ́ kì í gòkè tó tàtẹ̀yìnwá. Kò parẹ́, ó kàn dínkù ni.

Ẹ wá padà sídìí ìgò. Ó tẹ bíréèkì, ó sì gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná. Kódíìn tún ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú awọ ara tú hísítámíìnì tiwọn sílẹ̀, ni ẹni tó mu ún fi ń ha imú, tó ń ha apá; oògùn kejì ló ń dín ìyún náà kù. (Hísítámíìnì awọ kì í ráyè wọ ọpọlọ, ọ̀pọ̀ ló ń da méjèèjì pọ̀.) Bí lílò bá pẹ́, kọ́tísọ́ọ̀lù lè rẹlẹ̀ débi pé àárẹ̀, èébì àti òòyì á dé, àmì tí ẹnikẹ́ni lè pè ní ibà. Lọ́jọ́ tí owó ìgò bá tán, bíréèkì já: noradrenaline àti CRH a ru sókè, imú a máa ṣomi, yíyán a gorí yíyán, ìgbẹ́ gbuuru a dé, oorun a dá. Hílàhílo dé láìsí táńkà kankan. Mary Jeanne Kreek àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Rockefeller rí i pé methadone, òpíọ́ìdì ìtọ́jú, tí à ń lò déédéé ń jẹ́ kí họ́mọ̀nù náà padà sípò.

Ìwádìí ìjọba àti UNODC, àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lórí oògùn olóró, ti ọdún 2018 ka mílíọ̀nù 4.6 ọmọ Nàìjíríà tó lo òpíọ́ìdì láìjẹ́ ti ìtọ́jú. Ní Èkó, ìdá 33 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ẹni ọdún 15 sí 64 ló lo oògùn olóró kan tàbí òmíràn láàárín ọdún kan. Tramadol, tí NDLEA, àjọ tó ń gbógun ti oògùn olóró, àti aṣọ́bodè ti gbà léraléra ní èbúté Àpápá, le ju kódíìn lọ láti túmọ̀: yàtọ̀ sí iṣẹ́ òpíọ́ìdì, kì í jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì tètè gba noradrenaline àti serotonin padà. Bíréèkì àti iná nínú hóró kan.

Bí a bá fẹ́ wọn ipa àwọn oògùn wọ̀nyí lórí kọ́tísọ́ọ̀lù ní Ajégúnlẹ̀, itọ́ òwúrọ̀ la ó gbà, nítorí kọ́tísọ́ọ̀lù máa ń gòkè ní ìṣẹ́jú 30 sí 45 lẹ́yìn jíjí. Ìlànà náà gbà pé ènìyàn sùn, ó sì jí lẹ́ẹ̀kan. Awakọ̀ tírélà tó sùn sórí ìjókòó ọkọ̀ ní Malu Road, tí ọmọ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń ta jí ní gbogbo ìgbà tí ìlà bá sún síwájú, aago mélòó ni ká gbé ìgò itọ́ tirẹ̀ dé?