RAID inú Linux àti Ìṣòro Jíjí Ẹ̀rọ: Àyẹ̀wò Onítàn

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni ìdí tí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí dísíìkì rẹ̀ pé, tí dátà orí wọn kò sì ní àbùkù, fi lè kọ̀ láti jí. Jíjí tí a ń wí ni iṣẹ́ tí ń lọ láti ìgbà tí a bá ti tan ẹ̀rọ títí kánẹ́ẹ̀lì yóò fi gba àkóso. Bí irú èyí bá ṣẹlẹ̀ lórí RAID, ìyẹn síso ọ̀pọ̀ dísíìkì pọ̀ kí wọ́n máa ṣe bí ẹyọ kan, dísíìkì ni àwọn alátùn-únṣe sábà máa ń fura sí. Ní èrò tiwa, ìtàn fi hàn pé àkọsílẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí: ibo ni a kọ ọ́ sí, ta ni ó sì ń kà á?

Ní ọdún 1988, ní ìlú Chicago, ni David Patterson, Garth Gibson àti Randy Katz ti Yunifásítì California ní Berkeley gbé bébà tí ó sọ orúkọ RAID di mímọ̀ jáde. Àwọn kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ro irú èrò bẹ́ẹ̀. Norman Ken Ouchi ti IBM ti gba ìwé ẹ̀tọ́ oníhùmọ̀ ní 1978 lórí ọ̀nà gbígba dátà padà nígbà tí ohun tí a kó o sí bá bàjẹ́. Ìṣirò ni àwọn ará Berkeley fi kún un. Bí dísíìkì kékeré kan bá ń lo 30,000 wákàtí kí ó tó bàjẹ́, bí a bá so 100 irú rẹ̀ pọ̀, ọ̀kan yóò bàjẹ́ láàrin 300 wákàtí, èyí tí kò pé ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ̀dà tàbí àfikún ìṣirò nìkan ni ó lè gbani. Ṣùgbọ́n ìṣirò yìí kò kan ẹni tí yóò kó àwọn dísíìkì náà jọ nígbà tí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí.

Nínú Linux, kánẹ́ẹ̀lì ni ó ń kó wọn jọ. Marc Zyngier ni ó kọ md àkọ́kọ́, tí ó wọ inú ẹ̀yà 2.0 ní 1996. Ingo Molnar, Miguel de Icaza àti Gadi Oxman sì fi RAID 1 àti RAID 5 kún un. Ibí gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí orí àwọn dísíìkì tí kánẹ́ẹ̀lì fẹ́ kó jọ ni òun fúnra rẹ̀ wà. Ó dà bí ìgbà tí a ti kọ́kọ́rọ́ mọ́ inú àpótí.

Ọgbọ́n àkọ́kọ́ ni àkọsílẹ̀ ìdánimọ̀ tí a mọ̀ sí 0.90, tí a kọ sí apá ìparí dísíìkì. Nínú RAID 1, ìbẹ̀rẹ̀ dísíìkì kọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀ sí ti dísíìkì lásán, nítorí náà LILO àti GRUB àtijọ́ ń kà á láìmọ̀ pé RAID ni. Kánẹ́ẹ̀lì náà yóò wá gbogbo ìpín tí a sàmì fd sí, yóò sì so wọ́n pọ̀. Ọgbọ́n yìí dára, ṣùgbọ́n kò lè gba ju dísíìkì 28 lọ, nígbà mìíràn kò sì ṣeé mọ̀ bóyá gbogbo dísíìkì ni àkọsílẹ̀ náà ń tọ́ka sí tàbí ìpín tí ó kẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ 1.2 tí ó rọ́pò rẹ̀ wà ní kilobáìtì 4 sí ìbẹ̀rẹ̀. Kánẹ́ẹ̀lì kì í dá èyí kó jọ. Mdadm, tí Neil Brown kọ, ni ó ń ṣe é láti inú initramfs.

Àwọn kan lè ka àyípadà yìí sí ọ̀rọ̀ ààyè lásán. A kò gbà bẹ́ẹ̀. Ibi mẹ́ta ni ìmọ̀ nípa RAID wà báyìí: orí dísíìkì, fáìlì mdadm.conf, àti ẹ̀dà fáìlì náà nínú initramfs. Bí a bá tún ìkejì ṣe tí a kò tún ìkẹta kọ, ọ̀rọ̀ wọn kò ní dọ́gba mọ́. Ẹ̀rí rẹ̀ ni md0 tí ó jí tí ó di md127, tí ètò tí ń wá md0 kò sì rí i. Kò sí ohun tí ó bàjẹ́ níbẹ̀. Kí a tún initramfs kọ ni.

Ọ̀kan tún wà tí ó burú jù. GRUB tí ń jí ẹ̀rọ wà ní ìta ìpín tí RAID ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Nítorí náà /proc/mdstat lè fi U méjì hàn, kí ó sì jẹ́ òtítọ́, síbẹ̀ kí dísíìkì kejì má lè jí ẹ̀rọ ní ọjọ́ tí èkíní bá kú. Orí méjèèjì ni ó yẹ kí a fi GRUB sí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ewu àṣìfura yìí kò kéré. Ẹni tí ó bá rò pé RAID ti bàjẹ́ lè lo àṣẹ --create, tí yóò kọ àkọsílẹ̀ titun bo ti àtijọ́. Bí ètò àwọn dísíìkì bá yí padà, tàbí tí ẹ̀yà mdadm titun bá fi ìbẹ̀rẹ̀ dátà sí ibòmíràn, RAID 5 yóò máa tún ìṣirò rẹ̀ kọ lé dátà tí ó ṣì pé lórí. Àṣẹ --examine kì í kọ ohunkóhun. Ó ń fi iye ìṣẹ̀lẹ̀ tí dísíìkì kọ̀ọ̀kan ti kọ sílẹ̀ hàn. Èyí tí iye rẹ̀ bá kéré ni ó ti kúrò láàrin àwọn yòókù ṣáájú. Bí ìyàtọ̀ náà kò bá tó nǹkan, --assemble --force lè kó wọn jọ padà láìpa àkọsílẹ̀ àtijọ́ rẹ́.