Ìwé Àwọn Ìmàle ní Bàhíà: Iṣẹ́ Tí Ó Ń Dúró De Àwọn Ọmọ Kéwú

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Àgbádárìgì, tí ó ré ọ̀sà kọjá, erékùṣù Gberefu ni yóò gúnlẹ̀ sí. Iyanrìn àti igi àgbọn ni ó pọ̀ níbẹ̀, ìró òkun ni à ń gbọ́ láti iwájú. Ọ̀nà ẹsẹ̀ kan lọ láti ibẹ̀ dé etí òkun. Ọ̀nà náà ni wọ́n ń kó àwọn ẹrú gbà kí wọ́n tó kó wọn sínú ọkọ̀ òyìnbó. Kànga kan wà lójú ọ̀nà yìí. Àwọn ará Àgbádárìgì a máa sọ pé ẹrú tí ó bá mu omi rẹ̀ yóò gbàgbé ilé. Ibi àlọ-àìbọ̀ ni wọ́n ń pe etí òkun náà títí di òní.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò nìyí: ọmọ kéwú tí ó ti há Kùránì sórí, tí wọ́n mú lójú ogun, tí wọ́n tà sí òkè òkun, ǹjẹ́ ó gbàgbé? Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ìwé, ìwé náà sì wà ní ilẹ̀ Bràsíìlì.

Ìmọ̀ tí à ń sọ

Ìmọ̀ kan wà ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó jẹ́ pé ìwé àtijọ́ àti èdè inú rẹ̀ ni wọ́n fi ń wéra. Filọ́lọ́jì ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó ń ṣe é yóò yẹ lẹ́tà wò, yóò yẹ ọ̀rọ̀ wò, yóò wo bí ọ̀rọ̀ kan náà ṣe rí ní èdè mìíràn. Lẹ́yìn náà ni yóò béèrè pé: ta ni ó kọ èyí? Lọ́dọ̀ ta ni ó ti kọ́ ọ? Ọ̀nà wo ni ọ̀rọ̀ yìí gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Ọ̀pọ̀ ọdún ni ènìyàn fi ń jókòó tì í kí ó tó gba oyè ọ̀mọ̀wé. Nígbà tí ọmọ bá sọ pé òun fẹ́ ṣe é, àwọn òbí mìíràn a béèrè pé, "Kí ni wọ́n ń fi èyí ṣe?" Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí wọ́n ti fi ṣe.

Orúkọ wa nínú ìwé Timbuktu

Ní 1593, àwọn ọmọ ogun Mòrókò mú Ahmad Baba, àgbà onímọ̀ ìlú Timbuktu, wọ́n sì kó o lọ sí Marrakesh. Ọdún 1608 ni ó tó padà sílé. Ní 1615, àwọn ará Tuat ní aṣálẹ̀ Sàhárà kọ̀wé bi í pé àwọn ẹrú wo ni ó tọ́ kí Mùsùlùmí rà. Ìwé tí ó fi dá wọn lóhùn ni Mi'raj al-Su'ud. Ó ní Mùsùlùmí, láti ilẹ̀ yòówù tí ó ti wá, kò ṣeé sọ di ẹrú. Ó sì ní dúdú ara kì í ṣe ìdí tí a fi ń mú ènìyàn lẹ́rú. Lẹ́yìn èyí ni ó to orúkọ àwọn ìlú tí ó ti gba Ìsìláàmù àti àwọn tí kò tíì gbà á. Àárín àwọn tí kò tíì gbà á ni ó ka Yorùbá sí.

Ọ̀kan lára àwọn ìwé tí ó pẹ́ jù lọ tí orúkọ wa ti hàn nìyẹn. Lẹ́tà Lárúbáwá ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ̀rọ̀ òwò ẹrú ni ó sì dá lé.

Ní nǹkan bí igba ọdún lẹ́yìn náà, ọ̀pọ̀ Yorùbá ti di Mùsùlùmí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọba Ọ̀yọ́ ń fọ́, ogun kò béèrè ẹ̀sìn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó Mùsùlùmí, wọ́n kó ẹlẹ́sìn ìbílẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a fi òótọ́ pamọ́: àwọn Mùsùlùmí wà lára àwọn tí ó ń kó ẹrú pẹ̀lú. Ọmọdé ni Àjàyí Crowther nígbà tí irú ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ kó o ní Òṣogùn ní 1821. Òun náà ni ó tẹ ìwé ọ̀rọ̀ èdè Yorùbá jáde ní 1843, tí ó sì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1845. Àwọn mìíràn kò ní oríire tirẹ̀. Láti Àgbádárìgì, Èkó, Àjàṣẹ́ àti Wídà ni ọkọ̀ ti gbé wọn lọ sí Bàhíà.

Òru Rámàdáánì ní Bàhíà

Nàgó ni wọ́n ń pe Yorùbá ní Bàhíà, Malê sì ni wọ́n ń pe Mùsùlùmí. Ìmàle tiwa ni ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan lára àwọn olùkọ́ wọn ni bàbá àgbàlagbà kan, Nàgó, tí àwọn òyìnbó ń pè ní Pacífico Licutan. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́, ó ní Bilal ni orúkọ òun. Gbèsè tí olówó rẹ̀ jẹ ni ó sọ ọ́ sẹ́wọ̀n. Àwọn ọmọ kéwú rẹ̀ ti kówó jọ láti rà á sílẹ̀, olówó rẹ̀ kò gbà. Wọ́n wá ń lọ kí i ní ọgbà ẹ̀wọ̀n, wọ́n ń gba àdúrà rẹ̀.

Ní òru ọjọ́ 24 mọ́jú ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 1835, àwọn ẹrú àti àwọn tí ó ti gba òmìnira dìde ní ìlú Salvador. Ọjọ́ 25 Rámàdáánì, ọdún 1250 Hijira ni. Nǹkan bí 600 ènìyàn ni wọ́n. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ìjọba ti borí wọn, ó sì lé ní 70 tí ó kú lára wọn. Wọ́n fi ìbọn pa mẹ́rin ní oṣù karùn-ún. Wọ́n dá ọgọ́rọ̀ọ̀rún pàṣán fún Bilal àti àwọn mìíràn. Wọ́n lé ọ̀pọ̀ padà sí etíkun tiwa níhìn-ín.

Ohun tí ó ba àwọn ọlọ́pàá lẹ́rù jù ni ìwé. Wọ́n bá a nínú ilé àwọn ẹrú, wọ́n bá a lọ́rùn àwọn òkú. Wọn kò mọ̀ ọ́n kà, wọ́n rò pé ètò ogun ni gbogbo rẹ̀. Ní 1970, Rolf Reichert tẹ àwọn tí ó wà ní ilé ìpamọ́ Bàhíà jáde pẹ̀lú ìtumọ̀. Kí ni ó wà nínú wọn? Súrà Kùránì, àdúrà, tírà, àti iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ kéwú tí ó ń kọ́ bí a ti ń kọ lẹ́tà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ohun tí ìjọba pè ní ìwé ọ̀tẹ̀, wàláà ni.

Bí lẹ́tà ṣe ń jẹ́rìí

Níhìn-ín ni filọ́lọ́jì ti wúlò. Lọ́wọ́ àwọn ará Màgíríbù, àmì kan ṣoṣo ni ó wà lórí qāf, ìsàlẹ̀ fā' ni wọ́n sì ń fi àmì tirẹ̀ sí. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn àgbà àlùfáà wa ṣe ń kọ ọ́. Àmì kékeré yẹn fi ọ̀nà tí kéwú gbà dé ọ̀dọ̀ wa hàn: láti àríwá, gba aṣálẹ̀ kọjá, kì í ṣe láti ojú òkun.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ ẹnu wa. Al-wuḍū' ni Lárúbáwá ń sọ, alwala ni Haúsá ń pè é, àwa ní àlùwàlá. Al-qāḍī di alkali lẹ́nu Haúsá, ó di àlùkálì lẹ́nu wa. Kí ló dé tí ḍād fi di "l"? Àwọn ọ̀dọ́ kan ń fi àwọn àgbà tí ń sọ "Rámàláánì" rẹ́rìn-ín, wọ́n ní wọn kò kàwé. Ṣùgbọ́n Sibawayhi, àgbà onígírámà tí ó gbé ayé ní ọ̀rúndún kẹjọ, ti ṣàlàyé pé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n ni àwọn Lárúbáwá ìgbà náà fi ń pe ḍād, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe "l". Ní ilẹ̀ Spéènì tí Mùsùlùmí ti jọba rí, al-qāḍī di alcalde; "l" náà ni ó yọ síta. Bí a bá ń kírun, kí á pe lẹ́tà bí àwọn olùkọ́ tàjwíìdì ti ń kọ́ni. Ṣùgbọ́n kí á mọ̀ pé ìró àtijọ́ ni àwọn àgbà gbé pamọ́ sẹ́nu láìmọ̀.

Iṣẹ́ tí ó kù

Súrátù Rúùmù ka ìyàtọ̀ èdè yín mọ́ àwọn àmì Ọlọ́run. Ta ni yóò wá ka àmì yìí bí kò ṣe ẹni tí ó gbọ́ èdè náà? Reichert kò gbọ́ Yorùbá láti ìyá rẹ̀ wá. Nikolay Dobronravin tí ó kọ̀wé lórí àwọn ìwé Bàhíà kan náà ní 2004, ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà ni. A dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ó gbọ́ Yorùbá nílé, tí ó kọ́ Lárúbáwá ní ilé kéwú, tí ó tún fi Haúsá àti èdè Pọtogí kún un, yóò rí ohun tí àwọn kò rí.

Iṣẹ́ wà nílé pẹ̀lú. Ní 1964, John Hunwick dá ibi ìpamọ́ ìwé Lárúbáwá sílẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn, kí wọ́n lè máa ya àwòrán ìwé àwọn àlùfáà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé ṣì wà nínú àpótí ní abúlé àti ìlú wa. Bí bàbá bá kú, àwọn ọmọ a pín ilẹ̀, wọ́n a pín ilé, ikán a sì jogún ìwé. Àwọn mìíràn a sun ún, wọ́n á ní tírà ni.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má sun ìwé tí ẹ kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ wé e, ẹ gbé e kúrò nílẹ̀, ẹ fi han ẹni tí ó mọ̀ ọ́n kà. Bí ọmọ yín bá sì ní ìwé àtijọ́ ni òun fẹ́ fi gba oyè ọ̀mọ̀wé, ẹ má sọ fún un pé kò sí iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé kéwú kò kọjá ilé-kéwú. Bilal kọ́ni nínú ẹ̀wọ̀n, láìní òmìnira, láìní owó. Ẹ̀yin ní méjèèjì. Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.